Físà àbẹ̀wò ni àwọn òbí wa ń lò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ: ọ̀nà wo ni a lè gbà rí ìwé ìgbélùú títí láé?

Ìyá Olùkọ́, Ọbáńtokò

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí títí mo fi fẹ̀yìntì ní ọdún 2018, mo sì ti pé ẹni ọdún 68. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún mi. Àkọ́bí mi obìnrin wà ní Leeds, ó sì ti di ọmọ onílùú níbẹ̀. Ọkùnrin tó tẹ̀lé e wà ní Houston, gíríìn káàdì, ìyẹn ìwé ìgbélùú títí láé ti Amẹ́ríkà, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún 2022. Àbíkẹ́yìn wà ní Winnipeg, òun náà sì ti gba ìwé ìgbélùú ti Kánádà. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti ṣaláìsí ni wọ́n ti ń sọ pé kí n má dá gbé ilé mọ́, físà àbẹ̀wò ọlọ́dún méjì ni mo sì fi ń lọ sí Leeds láti ìgbà náà.

Nígbà tí mo dé pápákọ̀ òfurufú Manchester lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀dọ́mọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ṣí ìwé ìrìnnà mi, ó fi ìka tẹ̀lé àwọn òǹtẹ̀ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọjọ́ wọn sórí bébà pélébé kan, ó sì bi mí pé níbo gan-an ni mò ń gbé. Mo ní Abẹ́òkúta. Ó yí bébà náà sí mi, ó fi hàn mí pé nínú oṣù mẹ́tàdínlógún, oṣù márùn-ún péré ni mo lò ní Abẹ́òkúta. Ó jẹ́ kí n wọlé, ṣùgbọ́n ó ní èyí kì í ṣe àbẹ̀wò mọ́, bí mo bá sì tún wá báyìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá mi padà. Ojú tì mí, torí n kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, síbẹ̀ ohun tó sọ kì í ṣe irọ́.

Mo ti padà sílé báyìí. Ẹnìkan tó ní òun ń bá ènìyàn ṣe ìwé ti gba owó lọ́wọ́ ọmọ mi, ó ní físà àwọn afẹ̀yìntì wà ní Ìlú Ọba. Oṣù mẹ́jọ ti kọjá, a kò rí nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀nà wo ló wà tí n kò ní fara pamọ́, tí n kò sì ní purọ́?

Ọmọ Ìjẹmọ̀, Birmingham

Màmá, ẹ kú ilé, ẹ sì kú ará fẹ́ra kù nípa ti bàbá. Iṣẹ́ ìwé ìgbélùú ni mo fi ọdún mọ́kànlá ṣe ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan níhìn-ín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹni tó gba owó yẹn kúrò nílẹ̀. Òótọ́ ni pé ètò kan wà rí fún afẹ̀yìntì tó ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́ láti wá gbé Ìlú Ọba, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 2008 ni ìjọba ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ẹni tuntun. Ohun tí kò sí mọ́ ló ń tà fún yín. Ẹ béèrè owó yín, ṣùgbọ́n èyí tó ṣe kókó ju owó lọ ni pé kí ẹ gba ẹ̀dà gbogbo ohun tó bá ti fi orúkọ yín kọ ránṣẹ́, nítorí irọ́ tí aṣojú bá kọ sínú fọ́ọ̀mù, ọrùn ẹni tó ni orúkọ ló ń wọ̀, ó sì lè fa ìfòfindè ọdún mẹ́wàá.

Ní ti físà àbẹ̀wò, ì báà jẹ́ ti ọdún méjì, márùn-ún tàbí mẹ́wàá, àbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ. Òfin kò kọ iye ọjọ́ kan pàtó sílẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ lò nílé kí ẹ tó padà. Ohun tó sọ ni pé ènìyàn kò gbọdọ̀ fi àbẹ̀wò tó ń tẹ̀lé ara wọn léraléra sọ ibẹ̀ di ibùgbé. Ìṣirò tí ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn ṣe sórí bébà, òun gan-an ni wọ́n ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni ènìyàn kò lè dúró sórí físà àbẹ̀wò kí ó wá gba ìwé ìgbélùú òbí láti inú ilé níbẹ̀. Láti òkèèrè ni wọ́n ti ń béèrè fún un.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún òbí ni ti àgbàlagbà tó nílò ìtọ́jú lọ́dọ̀ ọmọ, ọ̀nà náà sì ti dín gidigidi láti ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2012. Ẹni tó bá rí i gbà lọ́dọ̀ ọmọ tó jẹ́ ọmọ onílùú tàbí tó ní ìwé ìgbélùú títí láé, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n máa ń fún òun náà ní ìwé ìgbélùú títí láé, kò ní dúró de ọdún kankan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi há a. Òbí gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọjọ́ orí, àìsàn tàbí àbùkù ara ti jẹ́ kí òun máa nílò ẹni tí yóò wẹ̀ fún òun, tí yóò wọ aṣọ fún òun, tí yóò se oúnjẹ fún òun lójoojúmọ́, fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn èyí, ó gbọ́dọ̀ tún fi hàn pé irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kò sí nílé, tàbí pé owó rẹ̀ kò ká a, kódà bí ọmọ bá ń fi owó ránṣẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣubú nìyí: bí owó wọn bá ti pọ̀ tó láti gba olùtọ́jú sí ilé ní Abẹ́òkúta, wọ́n á ní kí wọ́n gbà á. Owó ìbéèrè náà sì ju 3,000 pọ́n-ún lọ, wọn kì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀ ọ́.

Ìwé dókítà tí mo máa ń rí láti ilé kì í ju ìlà mẹ́ta lọ: Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún ń dùn ún, ó fẹ́ wà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún ohunkóhun. Mo rí ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan tó yàtọ̀. Dókítà náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá náà ti ṣubú nílé ìwẹ̀, ó kọ ọjọ́ méjèèjì, ó kọ ọ́ pé kò lè bọ́tìnnì aṣọ ara rẹ̀ mọ́ nítorí ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, pé ó ti gbàgbé iná sítóòfù ní títàn lálẹ́, àti pé ọmọbìnrin tí wọ́n gbà láti máa tọ́jú rẹ̀ ti lọ, ẹni kẹta nìyẹn láàárín ọdún kan. Wọ́n gbà á fún ìyá yẹn. Màmá, bí ẹ bá ṣì ń dá wẹ̀, tí ẹ ń dá lọ sí ọjà Ọṣìẹ̀lẹ̀ fúnra yín, ọ̀nà yìí kò tíì kàn yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ àìsàn tí kò ṣe yín sórí bébà.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má kọ́kọ́ béèrè pé ìlú wo ló dára. Ẹ béèrè irú ìwé tó wà lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, torí lára ìwé ọmọ ni ìwé òbí ń so mọ́.

Bàbá Ìtokò, ní Brampton báyìí

Ọ̀rọ̀ tí arákùnrin yìí fi parí ni mo fẹ́ gbé. Èmi náà jẹ́ afẹ̀yìntì, ẹni ọdún 71, Super Visa ti Kánádà, ìyẹn físà àbẹ̀wò ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọ́n ń fún òbí, ni mo wà lórí rẹ̀. Ìyá Olùkọ́, ọmọ yín tó wà ní Winnipeg kò nílò láti di ọmọ onílùú kí ó tó lè ṣe é fún yín. Ìwé ìgbélùú tó ní tó.

Ohun méjì ni Kánádà ní fún òbí, àwọn ènìyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Èkínní ni ètò ìgbọ̀wọ́ àwọn òbí àti òbí àgbà, èyí tó ń fúnni ní ìwé ìgbélùú títí láé. Ọmọ gbọ́dọ̀ fi ìwé owó orí ọdún mẹ́ta léraléra hàn pé owó tó ń wọlé fún òun kọjá òǹkà tí ìjọba gbé kalẹ̀, yóò sì fọwọ́ sí i pé òun yóò bọ́ òbí náà fún ogún ọdún. Ní Quebec, ọdún mẹ́wàá ni. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹni tó bá fẹ́ ló ń rí i béèrè. Fọ́ọ̀mù ìfẹ́hàn tí àwọn ọmọ kọ ní ọdún 2020 ni wọ́n ṣì ń ṣẹ́ ìbò láàárín wọn títí di ọdún 2025. Ẹni tó dé lẹ́yìn 2020, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú igbá. Ọmọ mi kọ tirẹ̀ ní 2020, ọdún dé, ọdún lọ, wọn kò tíì pè é.

Èkejì ni Super Visa tí mo ń lò yìí. Kì í ṣe ìwé ìgbélùú títí láé, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó máa ń yí padà di i fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún àgbàlagbà tó fẹ́ wà pẹ̀lú ọmọ láìsí pé ó ń ka oṣù mẹ́fà lórí ìka, òun ló sún mọ́ ọn jùlọ. Láti ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2022, ọdún márùn-ún ni wọ́n ń gbà kí ènìyàn gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọdún méjì ni tẹ́lẹ̀. Físà náà lè tó ọdún mẹ́wàá, àmọ́ kò lè gùn ju ìwé ìrìnnà lọ, nítorí náà olójú ewé 64 ọlọ́dún mẹ́wàá ni kí ẹ gbà bí ẹ bá fẹ́ sọ tiyín dọ̀tun. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, 200,000 náírà ni ìyẹn ní Nàìjíríà, ti ọlọ́dún márùn-ún jẹ́ 100,000.

Wọn yóò ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò ara lọ́dọ̀ dókítà tí wọ́n fọwọ́ sí. Ọmọ yóò kọ lẹ́tà ìpè, yóò sì fi owó tó ń wọlé fún un hàn. Ibi tí owó ti ń lọ gan-an ni ìdójútòfò ìlera, tí kò gbọdọ̀ dín ní 100,000 dọ́là Kánádà, tí ó sì gbọ́dọ̀ bo ọdún kan ó kéré tán. Ọjọ́ orí ló ń pinnu iye tí wọ́n máa gbà, ti ẹni ọdún 71 kò sì rọrùn lápò ọmọ. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ti ìjọba kò kàn wá, a gbọ́dọ̀ rántí ìyẹn lójoojúmọ́.

Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú

Ẹ má bínú pé mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí ní ọdún 1964, nígbà tí bàbá mi ń kọ́ ìmọ̀ òfin níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí a padà sí Abẹ́òkúta, n kò sì tún fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ títí ọmọ mi tó wà níbẹ̀ lórí físà iṣẹ́ fi mú mi lọ pẹ̀lú físà àbẹ̀wò ní 2023. Ìwé ìbí mi ṣì wà nínú àpótí ìyá mi, ó ti ń ya ní ojú ibi tí wọ́n ká a sí. Ǹjẹ́ ó lè ràn mí lọ́wọ́ láti gba ìwé ìgbélùú?

Ọmọ Ìjẹmọ̀, Birmingham

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tún san owó físà kankan kí ẹ tó ka èyí tán. Òfin ọmọ onílùú tí Ìlú Ọba ń lò lónìí, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ wọn ṣáájú ọjọ́ náà, ọmọ onílùú ni, wọn kò béèrè irú físà tí òbí rẹ̀ ń lò nígbà náà, àyàfi bí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn ní ilé iṣẹ́ aṣojú. Bàbá yín jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe ìwé ìgbélùú ni ẹ nílò. Ọmọ onílùú ni yín láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín, àfi bí ẹ bá ti fọwọ́ ara yín kọ ìwé sí ìjọba wọn rí pé ẹ kò ṣe mọ́.

Ẹ béèrè ẹ̀dà tuntun ìwé ìbí yín, èyí tó gùn tó sì ní orúkọ bàbá àti ìyá nínú, láti ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ àpapọ̀ wọn. Ènìyàn lè béèrè fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Abẹ́òkúta. Ẹ kó ìwé ìgbéyàwó yín jọ, nítorí orúkọ tí ẹ ń jẹ́ báyìí yàtọ̀ sí ti inú ìwé ìbí, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin wa ti máa ń há. Lẹ́yìn náà, kí ẹ béèrè fún ìwé ìrìnnà wọn bí ẹni tó ń gba àkọ́kọ́. Wọn yóò wádìí yín dáadáa, ó lè pẹ́, ẹ má bẹ̀rù.

Nǹkan kan tún wà, ó sì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ọmọ yín tó ń gba físà iṣẹ́ yẹn, bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983 ni ẹ bí i, òun náà jẹ́ ọmọ onílùú nípasẹ̀ yín bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Abẹ́òkúta ni ẹ bí i sí. Gbogbo owó físà tó ti san, kò yẹ kó san án. Mo ti rí i nínú ìdílé Ẹ̀gbá mẹ́rin báyìí, torí àwọn bàbá wa lọ kàwé níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí lọ bi àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òbí wọn léèrè ibi tí wọ́n bí wọn sí. Bákan náà, àgbà tó jẹ́ pé ó ti fìdí kalẹ̀ sí Ìlú Ọba ṣáájú ọdún 1973 kí ó tó padà wálé, kí ó wo ètò Windrush wọn, èyí tí wọ́n fi ń fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ wọn, torí kò gba owó.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ ó pàdánù ti Nàìjíríà. Abala 28 ìwé òfin wa ti ọdún 1999 kò gba ti ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí.

Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú

Mo ti pe ọmọ mi. 1991 ni mo bí i. Kò tíì lè sọ̀rọ̀.

Ọmọ Lísàbí, Dallas

Ẹ jẹ́ kí n fèsì nípa Houston fún Ìyá Olùkọ́. Onígíríìn káàdì kò lè gba ìwé fún òbí, ọmọ onílùú tó ti pé ọdún 21 nìkan ló lè ṣe é. Bí 2022 ni ọmọ yín gba tirẹ̀, 2027 ni yóò pé ọdún márùn-ún, kí ó sì ti máa kó ìwé rẹ̀ jọ báyìí, torí wọ́n ń gbà á láyè láti kọ ọ́ ránṣẹ́ ní 90 ọjọ́ ṣáájú. Bí ó bá ti di ọmọ onílùú, fọ́ọ̀mù I-130 ni yóò kọ fún yín. Kò sí iye kan tí wọ́n fi há òbí ọmọ onílùú mọ́ lọ́dọọdún, ìyẹn ni ó fi yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n ń dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí bàbá àti ìyá wọn ṣì wà láyé, ẹ gbọ́, fọ́ọ̀mù kan fún ẹnì kan ni. Ìyá kì í bá bàbá wọlé sórí ìwé kan náà.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Ní oṣù Keje ọdún 2025 ni Amẹ́ríkà sọ físà àbẹ̀wò tí wọ́n ń fún ọmọ Nàìjíríà di ti oṣù mẹ́ta àti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan. Nínú oṣù Kejìlá ọdún náà ni ààrẹ wọn tún fọwọ́ sí ìkéde tó dá ìwọlé ọmọ Nàìjíríà dúró lórí físà àbẹ̀wò tuntun àti ti ìgbélùú, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026. Nítorí náà, kí ọmọ yín máa bá ìwé ọmọ onílùú tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ má ta ilé nítorí Amẹ́ríkà.

Ẹni tó bá ti ní gíríìn káàdì lọ́wọ́ nínú àwọn òbí, kí ó ṣọ́ra fún pípẹ́ nílé. Ìyá mi gba tirẹ̀, ó wálé wá ṣe òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun ó tún orí ilé ṣe, ó di oṣù mẹ́rìnlá. Bí ènìyàn bá ti lò ju ọdún kan lọ lóde, wọ́n lè sọ pé ó ti fi ìgbélùú náà sílẹ̀. Ìwé àyè ìpadàwọlé wà tí wọ́n ń fúnni fún ọdún méjì, ṣùgbọ́n inú Amẹ́ríkà ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ti béèrè fún un kí ó tó gbéra. A kò mọ̀ nígbà náà. Ti Kánádà rọ̀ ju ìyẹn lọ díẹ̀: 730 ọjọ́ nínú ọdún márùn-ún ni wọ́n ń béèrè.

Afẹ̀yìntì Àpapọ̀, Ìbarà

Àwọn kan máa ń sọ nípa ìlú tí afẹ̀yìntì lè fi owó ara rẹ̀ gbé láìsí ọmọ. Ó wà. Gúúsù Áfíríkà ń fún afẹ̀yìntì tí 37,000 rándì ń wọlé fún lóṣooṣù ní físà ọdún mẹ́rin, ó sì lè ti ibẹ̀ béèrè ìwé ìgbélùú títí láé. Pọtogí ní tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní D7, 870 yúrò lóṣooṣù ni ní ọdún 2025, lẹ́yìn ọdún márùn-ún ènìyàn lè béèrè ìwé ìgbélùú títí láé. Ṣùgbọ́n 870 yúrò ju mílíọ̀nù kan náírà lọ, mo sì mọ iye tó ń wọ àkáǹtì mi. Ẹni tó ní ilé tó ń pa owó ńlá nìkan ni èyí kàn.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ti owó ìfẹ̀yìntì fúnra rẹ̀. Àwa tí a wà lábẹ́ PTAD, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, lè fi fóònù ṣe ìmúdájú pé a wà láyé láti ibikíbi, kò sí ìdí láti wọ ọkọ̀ òfurufú wálé nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù Nàìjíríà tí báǹkì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí, ẹ máa fi owó sí i, kí ẹ sì máa fi pe ènìyàn. Nọ́ńbà tí a kò bá lò fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ń gbà fún ẹlòmíràn, mo sì mọ bàbá kan ní Àṣẹ́rọ̀ tí ó lo oṣù mẹ́ta kí ó tó lè fọwọ́ kan owó ara rẹ̀ nítorí èyí.

Ìyá Olùkọ́, Ọbáńtokò

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run yóò bá yín tọ́jú àwọn òbí tiyín náà. Mo ti tẹ èsì yín jáde, mo sì kà á fún àwọn ọmọ mi lórí fóònù lálẹ́ àná. Èyí tó wà ní Leeds yóò kọ̀wé sí ẹni tó gba owó náà fún ẹ̀dà fọ́ọ̀mù. N kò ní padà lọ sí Leeds títí ọdún yìí yóò fi parí, bí mo bá sì lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, mo máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní pápákọ̀. Èyí tó wà ní Houston ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìbéèrè ìdánwò ọmọ onílùú. Ti Winnipeg ni a ó kọ́kọ́ gbájú mọ́, lọ́jọ́ Ajé ni mo ń lọ sọ ìwé ìrìnnà mi dọ̀tun.

Bàbá Ìtokò, ìbéèrè kan ló kù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mò ń lò láti ọdún 2015. Ǹjẹ́ ìdójútòfò yẹn yóò gbà mí bẹ́ẹ̀?

Bàbá Ìtokò, ní Brampton báyìí

Wọ́n lè gbà yín, èmi náà ń lo ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iye oṣù tó fẹ́ kí oògùn ènìyàn ti wà bákan náà, tí dókítà kò fi kún un, tí kò sì dín in kù, kí wọ́n tó lè san owó ìtọ́jú àìsàn náà. Ẹ má fi àìsàn kankan pamọ́ fún wọn, torí ọjọ́ tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn ni wọn yóò wá ìwé yín wò. Ẹ kọ orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe wà lára páálí rẹ̀, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí dókítà yí i padà kẹ́yìn, kí ọmọ yín sì kà á fún ilé iṣẹ́ mẹ́ta ó kéré tán kí ó tó sanwó fún ọ̀kankan.